Mo Gé Ọ̀gá Ìjọba Jẹ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí.

Ọ̀gá ìjọba kan ní Accra níbí ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́ mi, ó fún mi lọ́rùn, ó ń fa aṣọ mi ya. Mo gé e jẹ lọ́rùn ọwọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu mi. Mo pè é lẹ́jọ́, ni àwọn jàǹdùkú bá la irin mọ́ ìyá mi lórí ní àdúgbò Tudu níbí. Àwọn àgbà Yorùbá ní àlejò ni wá, kí n jáwọ́ nínú ẹjọ́. Àlejò wo? Accra ni wọ́n bí ìyá mi sí!

Ọ̀gá lóun ò mọ̀ mí rí, àmọ́ nínú ooru yìí, ẹ̀wù alápá gígùn ló ń wọ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jáwọ́ ni, àbí kó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè?