Gbogbo Ayé Ti Gun Wíìlì Náà Tán, Ó Ku Ìyá Mi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò ẹni tí kò dé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Port Harcourt níbí, àyà mi kanlẹ̀. Mo kí Bàbá Ìmáàmù àdúgbò wa. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, àgbà àti kékeré wọn. Mo kí Àǹtí Sàfúrátù tó ń ta ànàmọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bá mi sọ fún un pé kò sí ànàmọ́ níbí tó dùn tó ti Ọ̀fà. Mo kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo kúrò nílé, tí n kò tíì mọ̀ lójú. Ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀ nìkan ni n kò tíì kí. Kí wọ́n ní sùúrù, mò ń bọ̀ wá bá wọn.

Ìyá mi, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà mi gbà wá bá yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde síta. Ṣùgbọ́n inú ilé náà ni wọ́n ti pa tèmi mọ́lẹ̀, ìta nìkan ló kù tí mo lè ti pariwo. Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti ń kọ̀wé sí yín, ẹni tó ń ka ìwé náà fún yín kò ka ohun tí mo kọ. Èyí tó wù ú ló ń kà. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ọ̀fà tí ìwé ìròyìn yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e lọ sílé Ìyá Bùráímọ̀, kí ẹ kà á sókè. Ẹ má fo ìlà kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ mi, nítorí ó dá mi lójú pé wọn kò tíì ṣàlàyé rẹ̀ fún yín dáadáa. Ọgbà eré kan wà lójú ọ̀nà Aba, tí ènìyàn bá ti kọjá Rumuola díẹ̀. Àwa Yorùbá tó wà níbí ń pè é ní Ọgbà Fàájì. Òyìnbó kan ló ni ín. Ẹṣin onígi wà níbẹ̀ tó ń yí po, ọkọ̀ kékeré wà tó ń fì síwájú sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ayé ń bá wá ni wíìlì ńlá. Irin ni, ó rí roboto bíi wíìlì kẹ̀kẹ́, ó ga ju igi àgbọn lọ, àga méjìlá ló sì so mọ́ ọn lára. Ènìyàn á jókòó sínú àga, mà á fi irin dábùú iwájú rẹ̀ kó má baà já bọ́, mà á fa ọ̀pá, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbé e lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Tó bá dé òkè pátápátá, yóò rí odò, yóò rí ọkọ̀ ojú omi ní èbúté, yóò rí òrùlé páànù lọ súà. Èmi Jìmọ́ ọmọ yín ni mò ń darí rẹ̀.

Ìyá mi, ẹ ò rí ìgbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé! Àfi bí ẹni pé wọ́n tú gbogbo ayé sílẹ̀ kí wọ́n máa rìn. Rélùwéè kún, lọ́rì kún. Èrò ń bọ̀ láti Aba, láti Umuahia, láti Enugu, kódà a rí àwọn tó ti Makurdi wá. Ẹlòmíràn á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, kò ní dé ilé ìbátan tó tìtorí rẹ̀ wá, ọ̀dọ̀ wa ni yóò gbà tààrà pẹ̀lú ẹrù lórí. Ní Sátidé, ìlà wọn á gùn dé títì. Àwọn obìnrin á dé òkè, wọ́n á kígbe pé àwọn kú o. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún lọ tò. Ẹnu mi kì í gbófo, apá mi kì í sinmi. Tí mo bá sì rí ìyá àgbàlagbà kan tó ń gùn ún, ojú yín ni mò ń rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé àkọ́kọ́ pé kí ẹ wá.

Nísinsìnyí, ibi tí èrò ń tò sí ti hu koríko. Mo gé e lóṣù tó kọjá, ó ti tún hù. Mà á da epo sí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, mà á nu àga méjèèjìlá, mà á wá fẹ̀yìn ti ọ̀pá títí òòrùn á fi yẹ̀. Bí òjò ibí yìí bá dé, tí kì í sì í ṣe òjò tó ń bẹ̀ ènìyàn, àga á máa fì lásán, omi á máa kán nínú wọn. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu géètì ti kó lọ sí ọjà Diobu. Fótógíráfà wa ti lọ sí Aba. Gbogbo wa ń bi ara wa pé ṣé lóòótọ́ ni èrò ń dín kù, àbí ojú wa ló ń tàn wá. Máníjà ní òjò ni, ó ní tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé wọ́n á tún ya wá. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹ̀ẹ̀rùn lọ, a kò rí wọn. Kí fótógíráfà tó lọ, ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá ti ya fótò lórí wíìlì lẹ́ẹ̀kan, kí ló tún ń wá? Ó ní dẹm don si am finish, pé wọ́n ti rí i tán.

Èmi ní tèmi, mo bi àwọn ará Enugu kan tí wọ́n kọjá lọ lẹ́nu géètì láìyà pé kí ló dé. Wọ́n ní àwọn mọ ibẹ̀, àwọn ti gùn ún rí, ṣùgbọ́n àbúrò àwọn bímọ ní Rumuomasi, ọmọ náà làwọn wá wò. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Nígbà tí ìrìn àjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohunkóhun ni ojú ènìyàn lè máa wò. Nígbà tó di ohun tó mọ́ra, ènìyàn ẹni ni wọ́n ń náwó ọkọ̀ lọ wò, wọn kò náwó lọ wo irin mọ́. Mo ní, họ́wù, ta ló wá wá wo èmi?

Ẹnìkan wá o, Ìyá mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí wọ egungun nìyí. Ẹ mọ̀ pé rélùwéè tí Ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀ ń bá ṣiṣẹ́ máa ń fún wọn ní páàsì lọ́dọọdún, láti gbé ìyàwó, ọmọ àti ìyá wọn wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fi páàsì náà mú yín wá. Wọ́n dá mi lóhùn pé ó dáa. Ìyàwó mi Róòsì ra aṣọ méjì fún yín. Ọmọ Rumuomasi ni, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n odindi oṣù kan ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ. Mo dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin láti òwúrọ̀. Ọkọ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀, ìyàwó wọn sọ̀ kalẹ̀, ìyá ìyàwó wọn sì tẹ̀lé wọn. Mò ń wo ẹ̀yìn wọn, mò ń wo ẹ̀yìn wọn, kò sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Wọ́n ní orúnkún yín ló ń dùn yín, pé ẹ ò lè gun ọkọ̀. Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́? Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà wo páàsì, ó sì kí ìyá ìyàwó wọn ní Mama Bùráímọ̀. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Òpè ni mí! N kò mọ̀ pé àyè yín lórí páàsì ni wọ́n fi gbé e wá. Mo gbé ìyá yẹn gun wíìlì lẹ́ẹ̀mẹta láìgba kọ́bọ̀. Róòsì gúnyán, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn bó ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo di aṣọ méjèèjì tí a rà fún yín, mo ní kí wọ́n bá mi gbé e fún yín. Láti ìgbà náà, gbogbo ìwé tí mo bá kọ, èsì kan náà ni: Ìyá kí ọ, orúnkún kò tíì san.

Oṣù tó kọjá ni Ìyá Sàlámì, aládùúgbò wa, kó òfì wá tà níbí, tó sì fẹ́ ra edé padà. Ó wọ̀ sí ilé mi. Mo bi í léèrè orúnkún yín. Ó ní orúnkún wo? Ó ní ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn lọ sóko, tẹ sì ń ru igi bọ̀. Ó wá wò mí lójú, ó ní kí n má bínú, òun fẹ́ bi mí ní nǹkan kan: kí ló dé tí mo kọ̀wé pé kí ẹ má wá? Ó ní ẹ sọ ọ́ fún òun pẹ̀lú omi lójú, pé Bùráímọ̀ ka ìwé mi sí yín létí, pé ìyàwó mi kò fẹ́ ìyá abúlé nínú ilé rẹ̀. Ó ní òun bá yín jiyàn pé Jìmọ́ kò lè kọ irú rẹ̀, ẹ ní ìwé kì í parọ́, etí yín ni ẹ fi gbọ́. Mo tún bi í bóyá ẹ rí aṣọ méjì kan gbà. Ó ní ọrùn ìyá ìyàwó Bùráímọ̀ lòun ti rí aṣọ tuntun nílé yẹn. Róòsì rí i tí mò ń sunkún, ó bi mí ta ló kú. Ọmọ mi Síkírá, tó jẹ́ pé Pidgin nìkan ló ń sọ, ń bèèrè bóyá ìyá àgbà ló ń bínú sí òun.

Bọ̀dá Bùráímọ̀, ẹ kú ilé o. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, n kò ní bú yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní a-bí-dí lórí ìyẹ̀pẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi ronú láé pé ẹnu yín lè yí ohun tí ọwọ́ mi kọ padà. Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni pé tí Ìyá bá dé ọ̀dọ̀ mi, wọn kò ní padà wá ru igi fún yín, wọn kò ní tọ́jú ọmọ yín mọ́? Ẹ ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Èmi náà ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò wa, ẹ bá dojú kọ mí ká jà á. Ẹ̀yìnkùnlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé: mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, n kò mọ̀ pé orúkọ yín ni wọ́n ń pè. Irọ́ sáré fún ọdún mẹ́rin, alágbàtà òfì kan ló lé e bá lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìyá mi, n kò kọ̀ yín. N kò kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, Ọlọ́run gbọ́. Róòsì ní kí n sọ fún yín pé aṣọ mìíràn ti wà nílẹ̀, pé orúnkún òun sì ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀.

Òyìnbó tó ni ọgbà ti pinnu pé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, àwọn á tú wíìlì náà palẹ̀, wọ́n á kó o sọ́kọ̀ ojú omi lọ sí ìlú mìíràn tí wọn kò tíì rí irú rẹ̀. Títí wọn á fi tú u, n kò lè kúrò níbí, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n darí. Ìyá Sàlámì ń bọ̀ wá sílé, yóò ta edé rẹ̀ tán, yóò sì tún padà síbí. Owó ọkọ̀ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tẹ̀lé e wá. Ẹ má dúró de páàsì ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka ìwé yìí fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibi yìí kà lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni máníjà pè mí, ó bi mí bóyá mo rò pé ó ṣì ku ẹnikẹ́ni tó máa wá gùn ún, tàbí kí wọ́n máa tú u lọ láìdúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ní àwọn tó máa wá ti wá tán, òótọ́ ló sọ. Mo ní ẹnìkan péré ló kù, pé kó bá mi fi sílẹ̀ di ọjọ́ tó bá dé. Ó ní tó bá jẹ́ ẹnìkan ni, kí n máa da epo sí i.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí fún wa, yóò jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Kò ní jẹ́ kí ojú yín fọ́ kí ó tó rí Síkírá. Ẹ kí gbogbo agboolé, ẹni tó ṣe mí dáadáa àti ẹni tí kò ṣe mí dáadáa. Mò ń da epo sí i láràárọ̀.

Èmi ni Jìmọ́, ọmọ yín, èyí tí wọn kì í fi orúkọ rẹ̀ pè yín.