Híhanrun Babátúndé

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àárò mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo sì kí gbogbo ará ilé wa ní Ṣakí. Mo kọ lẹ́tà yìí síta nítorí àwọn ilé mìíràn tí ọmọdé ti ń hanrun.

Ara mi le. Òjò pọ̀ ní Ajah, bàtà mi kì í gbẹ. Nílé ìwé, mi ò tíì fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rẹ́. Bí olùkọ́ bá béèrè nǹkan tí mo mọ̀, ẹnu mi kì í yá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó kan Babátúndé, ọmọ Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní àdúgbò Abraham Adésànyà. Ìgbà tí wọ́n ti bí i lẹ́yìn ikú Bàbá wa ni a ti ń sọ pé Bàbá ló padà wá, torí pé ó ń hanrun bíi tiwọn. Tó bá sùn lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ẹ á pè, ẹ á ní kí a gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ẹ á gbọ́ ọ títí, ẹ á rẹ́rìn-ín, ẹ á ní, "Ọkọ mi, ẹ rọra sùn o."

Tíṣà rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí pé tí wọ́n bá pè é, kì í dáhùn. Dókítà ní kì í ṣe olórí kunkun, kò gbọ́ràn dáadáa ni. Ẹran kan wà lẹ́yìn imú àwọn ọmọdé, lókè ọ̀fun. Tiẹ̀ ti wú jù, ó dí ọ̀nà èémí, ó sì ń dí etí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń fi ẹnu mí. Wọ́n ní, "Híhanrun tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ọmọ ń wá afẹ́fẹ́ ni."

Wọ́n fẹ́ gé ẹran náà kúrò, ṣùgbọ́n Àǹtí ń sún un síwájú. Àǹtí sọ fún mi pé iṣẹ́ abẹ kọ́ ló ń ba àwọn lẹ́rù. Wọ́n ní tí ẹ bá pè ní Sọ́ńdè, kí ni àwọn fẹ́ gbé fóònù sún mọ́ fún yín?

Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló yẹ kí n sọ ọ́. Ìṣirò owó ni mo ń kọ́, kì í ṣe ìṣègùn, ọdún kìn-ín-ní ni mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń di fóònù náà mú. Híhanrun náà a máa dákẹ́ lójijì, ẹ á sì máa ní, "Hẹlo? Hẹlo?" Ẹ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Màámi. Kò mí ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Àǹtí, kí ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ náà. Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá pè tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ má pa fóònù. Ó ń sùn ni.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àdùnní