Òdòdó Tí Wọ́n Ní Kí N Dà Nù

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le.

Ọ̀gá ọgbà òdòdó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní kí n da òdòdó ọ́kíìdì kan nù, torí ọdún mẹ́fà rèé, kò tanná. Mo ní, "Omi ojoojúmọ́ yín ló ń mú gbòǹgbò rẹ̀ rà." Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kọ́ àwọn níṣẹ́ ni. Mo gbé òdòdó náà, mo fi iṣẹ́ àti yàrá wọn sílẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Yàrá mi tuntun kéré, àmọ́ oòrùn àárọ̀ ń wọlé síbẹ̀. Ọjọ́ Ajé nìkan ni mò ń bomi rin òdòdó náà. Àyè pọ̀ lọ́wọ́ mi báyìí.

Ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé? Rárá o. Òdòdó náà rudi lánàá!

Ẹ kí Bàbá. Bí wọ́n bá bèèrè iṣẹ́ mi, ẹ ní mo ti di ọ̀gá ara mi.