Dẹfiniẹ́nsì Tí Ẹ Kọ fún Aránṣọ

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ilé Àwọn Aránṣọ.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi, Akọ̀wé Ẹgbẹ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́? Àwọn ni mo ń kí o. Ìwọ ni mo ń bínú sí, mi ò sì ní fi bò.

Mo rí ìwé tí o fọwọ́ sí gbà. Ẹ ti ṣòfin tuntun, ẹ ti sọ ẹni tí à ń pè ní aránṣọ. Agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ ní apá tó ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́ ni àwọn onílátìnì ń pè ní dẹfiniẹ́nsì. Ọpọlọ yín mà pé o! Dẹfiniẹ́nsì yín rèé: "ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ aránṣọ." Nítorí pé ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi, èmi kì í ṣe aránṣọ mọ́, kí n kó ẹ̀rọ mi kúrò nínú yàrá tí mo ti lo ọdún mọ́kànlélógún kí oṣù yìí tó parí.

O mọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Aṣọ tó ti gbó ni mo ń tú wò, tí mo ń rán padà, títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́. Ìwọ ńkọ́? O dé ọ̀dọ̀ mi, o ò mọ ojú abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ẹnu rẹ̀. Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn aṣọ? Ta ló bá ọ tú apá tí o rán sódì, tó ní kí o má sunkún mọ́? Mo bi ọ́ léèrè lọ́jọ́ ìpàdé, o ń wo bàtà rẹ, o ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, òfin ni." Ojú ò tì ọ́! Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Mo ti kọ̀wé sí alága lánàá. Mi ò bẹ̀bẹ̀. Mo ní mo gbà, èmi kì í ṣe aránṣọ. Mo wá fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ tó wà lọ́wọ́ mi sínú rẹ̀, èyí tó sọ pé ọdún mẹ́ta gbáko lo fi kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ èmi nìkan. Ọjọ́rú ni wọ́n máa kà á létí gbogbo ẹgbẹ́. Kí ìwọ náà yáa wá páálí tí wàá fi di ẹ̀rọ rẹ.

Bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi tó jẹ́ ọ̀gá rẹ títí di àná,
Ìyá Abẹ́rẹ́.