Ibi Tí Ọ̀dà Kì Í Dé

Bàbá wa, ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ gbé òòlù sílẹ̀, tí ẹ fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin! A ṣì ń ṣe àtùpà irin tí ẹ kọ́ wa láti máa fọwọ́ ṣe. Ìyá wa ṣì ń gbá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, kò sì tíì gbà kí ẹnì kankan jókòó sórí àpótí yín.

Nǹkan ti yí padà. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tí ẹ máa ń sọ pé òòlù ń sá fún, ti ń fi idẹ ṣe ewé tí ó máa ń wu ènìyàn láti já. A ti ṣe àjà sí iyàrá ẹ̀yìn. Ọmọ mi tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu ọmú ti wọ iléèwé, ó sì ti kọ̀ láti jókòó sábẹ́ gílóòbù tí wáyà rẹ̀ bó. Ẹ̀jẹ̀ yín ni!

Ta ló dà bíi yín! Àtùpà kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ó fi rọ́bà sí ihò tí wáyà gbà wọlé kí ẹnu irin má baà gé e. Ẹ ó fa wáyà náà bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò lọ. Ẹ ó tàn án fún wákàtí mẹ́ta kí ẹ lè mọ̀ bóyá irin rẹ̀ ń gbóná jù. Oníbàárà tó bá ń kánjú, ẹ ó ní kó lọ ra àbẹ́là. Bàbá Lọ-Ra-Àbẹ́là ni wọ́n ń pè yín, ẹ sì ń dáhùn!

Ẹjọ́ kan wà lọ́rùn wa tí a fẹ́ rò fún yín. Ní ọdún kejì lẹ́yìn yín, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní ká ṣe ogójì àtùpà wá. Orí wa wú. Àbúrò mi kun ọ̀dà dúdú sí wọn tinú tòde, wọ́n ń dán yinrin. Lórí ọ̀dà yẹn la ti fi nọ́ọ̀tì de wáyà kẹta, èyí tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀ bí iná bá já sára irin. A máa ń rí yín tí ẹ ń fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀, a rò pé ìdọ̀tí lẹ ń ha ni.

Àwọn àtùpà náà tàn. Àmọ́ obìnrin tó ń yẹ nǹkan oníná wò kí wọ́n tó tà á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ọ̀kan, ó gbé e sí òmíràn, ó mi orí. Ó ní, "Ọ̀dà lẹ so wáyà yín mọ́, ẹ ò so ó mọ́ irin. Bí iná bá já sára àtùpà yìí, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni iná á gbé." Nínú ogójì, kò sí ọ̀kan tó yege!

Ojú tì wá. Ṣùgbọ́n ti ogójì yẹn kọ́ ló lé oorun lójú mi. Méjìlá irú wọn tí a ti kọ́kọ́ tà ti wà nínú ilé àwọn ènìyàn! A ṣí ìwé tí ẹ kọ́ wa láti máa kọ, nọ́ńbà àtùpà àti àdírẹ́sì ẹni tó rà á, a sì ń kanlẹ̀kùn kiri. Àwọn kan fi wá rẹ́rìn-ín pé àtùpà tó ń tàn la fẹ́ tún ṣe. A rí mọ́kànlá gbà. Ẹni tó ra ìkejìlá ti kó lọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi wá a, tí mò ń ro ọwọ́ ọmọ kékeré kan lára irin yẹn.

Mo bá àtùpà náà ní òdìkejì ìlú, kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Bí mo ṣe ń tú u, obìnrin tó ni ín gbé àtùpà àtijọ́ kan wá pé kí n bá òun wo èyí náà, ìyá òun ló rà á ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni! Mo tú ìdí rẹ̀. Lábẹ́ nọ́ọ̀tì wáyà kẹta, irin náà ń dán bíi pé àná lẹ ha á, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò láéláé. Omi bọ́ lójú mi. Obìnrin náà bi mí pé ṣé ó ti bàjẹ́ ni. Mo ní rárá, kò sí ohun tó ṣe é.

A ha gbogbo wọn, ogójì àti méjìlá, wọ́n sì yege. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó kù díẹ̀ ká pè yín bẹ́ẹ̀. Ẹ forí jì wá.

Bàbá wa, àárò yín ń sọ wá. Ilé mélòó ni wọ́n ti ń fọwọ́ kan irin yín lójoojúmọ́, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń jí, tí wọn ò mọ ẹni tó ń ṣọ́ wọn! Àwa mọ̀. A fẹ́ràn yín.