Ohùn Ìyá Mi Nínú Fíìmù Linh

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Èmi ọmọ yín dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti rọ̀ díẹ̀? Mo kí Bàbá Kékeré, mo kí gbogbo ìyàwó ilé, mo kí Bíọ́lá àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Bíọ́lá, rọra kà á, má sì fo ibì kankan, pàápàá àwọn ibi tí yóò tì mí lójú.

Kì í ṣe pé mi ò lè pè yín lórí fóònù. Mo ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa ní Kétu nítorí pé ìta gbangba ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ mi. Bíọ́lá sọ fún mi pé ẹnì kan rí fídíò kékeré kan láti inú fíìmù kan, ó gbọ́ ohùn yín níbẹ̀, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ní ọjà Kétu pé Màtíásì ta ohùn ìyá rẹ̀ fún àwọn ará Vietnam. Ó ní ẹnì kan tiẹ̀ béèrè pé èló ni wọ́n ń ra kílò kan. Mi ò ta á. Ohun tí mo ṣe burú ju títà lọ. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe jẹ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Kajú tí wọ́n ń ṣà ní Okpomèta àti Kpankou, tí wọ́n ń dì sínú àpò, ọ̀dọ̀ wa níbí ní Vietnam ló ń bọ̀. Bí àpò bá dé, èmi ni mo máa ń bu kílò kan nínú rẹ̀, màá fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá ka iye tó dára àti iye tó ti jẹrà. Òjò ibí kò ní sùúrù. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, kí oòrùn sì tún mú gan-an láàárín. Nígbà mìíràn màá rí ewé gbígbẹ kan nínú àpò, tó bá kajú wá láti ilé, màá gbé e sórí tábìlì mi títí iṣẹ́ yóò fi parí. Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé mo gbàgbé láti dà á nù ni.

Èmi àti Rẹ́mì la jọ ń gbé yàrá kan, kí owó ilé lè dín sí ìdajì. Ọmọ Pobẹ̀ ni, ilé-iṣẹ́ kan náà la wà. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan, kò tún un sọ mọ́.

Onílé wa ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Linh. Linh ta alùpùpù rẹ̀, ó fi owó rẹ̀ ṣe fíìmù, àkọ́kọ́ tí yóò ṣe láyé rẹ̀. Kò ní ẹni ńlá kankan lẹ́yìn: èèyàn mẹ́rin, kámẹ́rà kan. Ìtàn náà ni pé àlejò kan láti Áfíríkà ń ṣiṣẹ́ kajú, ìyá rẹ̀ kú nílé, kò sì rí owó ọkọ̀ òfúrufú láti lọ sin ín. Èmi ni Linh kọ́kọ́ wá bá. Ó fẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ síwájú fọ́tò kan, kí n máa sunkún ìyá mi. Mo ní rárá, mi ò lè fi ikú ìyá mi tó wà láàyè ṣeré. Ó ní eré lásán ni. Mo ní kí ó lọ wá ẹni tí eré náà kò lè ṣe ní nǹkan. Rẹ́mì wà lórí ẹní rẹ̀, ó ń gbọ́ wa. Ó ní tòun ti lọ tipẹ́, òun kò ní ẹni tí òun ń bẹ̀rù fún mọ́, kí wọ́n mú òun.

Lẹ́yìn náà ni Linh ní òun ń wá ohùn ìyá kan tó ń sọ Yorùbá. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń tọ́jú gbogbo ohùn tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí wáàsápù, nítorí pé mo lè gbọ́ wọn nígbà ogún láìná mẹ́gà íńtánẹ́ẹ̀tì kankan. Mo yan mẹ́ta, mo fi fún un. Mi ò gba owó sẹ̀fà kan. Mo rò pé ohun tí kò ná mi ní nǹkan kò lè dùn mí. Ìyá mi, èmi tí mo kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún fọ́tò, èmi náà ni mo mú ohùn yín, mo fi sí ẹnu òkú. Mi ò sì béèrè lọ́wọ́ yín.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n fi fíìmù náà hàn wá, ní gbọ̀ngán kékeré kan lókè ilé tí wọ́n ti ń ta kọfí. Mo ka èèyàn mọ́kànlélógójì. Fíìmù náà kò yára rárá. Kò sí orin, kò sí ìjà. Òjò ń rọ̀ sórí páánù, Rẹ́mì jókòó ó ń wò ó. Mo wo aago mi: ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Mo ń sọ nínú ara mi pé alùpùpù ọmọ yìí ti ṣòfò. Ìgbà náà ni Rẹ́mì mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ohùn yín. Ẹ pe Àjàní. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ ní iṣu tuntun ti jáde, ẹ ti fi tirẹ̀ pamọ́. Rẹ́mì sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì síwájú fóònù yẹn, ó ń pè yín ní ìyá òun.

Gbogbo gbọ̀ngán ń sunkún. Obìnrin tó jókòó tì mí fún mi ní ìnujú, ó rò pé ẹkún ló ń gbọ̀n mí. Owú ni. Èmi ni Àjàní. Èmi ni ẹ fi iṣu pamọ́ fún. Ẹ pe orúkọ mi, ẹlòmíràn ló dáhùn.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ilé-iṣẹ́ ti ń bá Rẹ́mì ya fọ́tò. Àwọn obìnrin tó ń bó kajú ń bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò ní ìyá. Èmi tí mo ní ìyá, kò sí ẹni tó bu nǹkan kún tèmi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Linh wá bá mi. Wọ́n fẹ́ gbé fíìmù náà lọ sí ìlú mìíràn, àwọn tí yóò gbà á sì ní kí ẹni tó ni ohùn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Ó ní kí n bi yín. Mi ò bi yín. Mo ní mo ti bi yín, ẹ kọ̀, inú sì ń bí yín gidigidi. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ó dáa, òun yóò yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò mọ ohun tó máa ṣẹ́kù. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi, inú mi sì dùn.

Rẹ́mì mọ̀ pé mi ò pè yín, ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ahun owó ni òun mọ̀ mí sí, òun kò mọ̀ pé mo tún ń ṣahun ìyá. Mo ní kí ó lọ wá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde kí n tó mọ̀. Ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé òun kò rántí bí ohùn ìyá òun ṣe rí mọ́. Ó ní nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, ìgbà mọ́kànlá ni Linh tẹ ohùn yín, gbogbo ìgbà tí òun dáhùn, òun kò ṣeré.

Owú náà kò tíì kúrò, mi ò ní fi irọ́ kún irọ́. Ṣùgbọ́n mo ti lọ jẹ́wọ́ fún Linh. Kò bú mi. Ó kàn ní kí n wá bi yín wàyí.

Nítorí náà mò ń bi yín níwájú gbogbo Kétu. Ẹ rántí pé ìyá inú fíìmù náà ti kú. Bí ara yín bá kọ̀ ọ́, ẹ ní rárá, yóò yọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò ní bínú sí yín. Bí ẹ bá gbà, ẹ sọ ọ́ sínú fóònù Bíọ́lá, kí ó fi ránṣẹ́ sí Linh tààrà, kí ó má gba ọwọ́ mi kọjá. N kò tíì ṣeé fọkàn tán lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sì dárí jì mí pé mo fi ọ̀rọ̀ tí ẹ kò sọ sí yín lẹ́nu.

Rẹ́mì ní kí n kí yín. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fi ohùn kan ránṣẹ́ sí òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ ṣe é fún un, Ìyá. Kò mọ oríkì rẹ̀, ẹ wá ọ̀kan tó dára fún un, kí ẹ fi máa kì í. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní Àjàní.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi, kí ó fún yín ní oorun tó dùn àti ẹsẹ̀ tó le. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà nínú agbo ilé, àti gbogbo ará ìjọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Màtíásì Àjàní