Sójù Tí Kò Tutù ní Seoul

Yàrá 307, Ojúlé 12,
Hoegi-dong,
Seoul.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Igbe, 2019.

Seri mi, ọ̀rẹ́ bí ọmọ ìyá,

O kú atẹ́gùn òkun o. Ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú nígbà tí mò ń bọ̀ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú òkun lọ wá ìgbín òkun? Bá mi sọ fún wọn pé wọ́n kú omi tútù. Bàbá àti àwọn igi ọsàn wọn ńkọ́? Èmi wà níbí. Ara mi le, ìyẹn náà ni mo lè sọ.

Ó pẹ́ tí mo ti dé kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi. "Ará Jeju" ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì, bíi pé gbogbo erékùṣù wa ló jókòó sórí àga kan. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo ti máa ń jẹun, kí ó lè dà bíi pé ìta ni mò ń wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ní yunifásítì lọ sùn sí ilé kan lẹ́bàá odò ní Gapyeong, kí àwa ọmọ tuntun àti àwọn ẹ̀gbọ́n lè mọ ara wa. Ẹ̀gbọ́n Taeo, olórí wa, ní kí èmi àti Yunji, ọmọ Seoul kan tí a jọ wà ní ọdún kìíní, lọ ra ọtí. Inú mi dùn gan-an. Mo ní bí mo bá jẹ́ iṣẹ́ yìí dáadáa, wọn á kà mí mọ́ ara wọn.

Ṣọ́ọ̀bù náà tóbi. Wáìnì ilẹ̀ Faransé àti ti Chile tò lọ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Wisikí ilẹ̀ Scotland wà nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n tì pa. Yunji ń ka ara ìgò bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo rí i pé èyí tí àwòrán ẹṣin wà lára rẹ̀ nìkan ló ń mú. Nígbà tó kan sójù, ọtí líle ilẹ̀ wa, mo sọ fún bàbá onítajà bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ nílé:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má mú ti inú fíríìjì. Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn ni kí ẹ fún wa."

Bàbá náà wò mí. "Ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ fi fọ ẹja ni?"

Yunji rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Lọ́dọ̀ yín, sójù tí kò tutù lẹ ń mu? Ẹ tún ń fi ṣúgà sí i ni?"

Mi ò lè sọ fún un pé bàbá rẹ ní òtútù ń lé adùn ọtí sá. Mo ní kí wọ́n kó èyí tó tutù. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀.

Kí a tó dé Gapyeong, gbogbo ọkọ̀ ti gbọ́. Bí a ṣe ń yan ẹran ni Ẹ̀gbọ́n Taeo ń pariwo pé, "Ẹ gbé ìgò Ará Jeju kaná! Ẹ fún un ní ṣíbí, ọbẹ̀ ló fẹ́ mu!"

Oníkálukú ń bu ọtí fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. O mọ̀ pé a kì í bu fún ara ẹni. Mo fọwọ́ méjèèjì di ìgò mú, mo bu fún ẹni ọ̀tún, mo bu fún ẹni òsì. Kò sẹ́ni tó wo ife tèmi. Mo dúró títí. Seri, n kò mọ ohun tó gbé mi wọ̀. Mo fa ìgò, mo bu fún ara mi, ó kún dẹ́nu.

Yunji tó kọjú sí mi fò sókè. "Yéè! Ìwọ yìí! Ṣé o ò fẹ́ kí n rí ọkọ fẹ́ fún ọdún mẹ́ta ni?" Àwọn ará Seoul náà gbà gbọ́ pé bí ènìyàn bá bu ọtí fún ara rẹ̀, ẹni tó kọjú sí i ló ń ru aburú rẹ̀. Ó já ìgò gbà lọ́wọ́ mi. "Gbé ìyẹn mì kíá, kí n bu òmíràn fún ọ, kí ó lè yẹ̀ lórí mi!"

"Ta ni kò bu fún ọmọ yìí?" Ẹ̀gbọ́n Taeo béèrè. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bọ̀wọ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n, mo mu ún. Yunji bu òmíràn. Lẹ́yìn náà wọ́n padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí n kò mọ̀ rí.

Ní ọjọ́ Ajé, mo rí Yunji àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà iléèwé. Mo tẹ orí mi ba, mo rò pé wọn á kọjá. Ó nawọ́ sókè: "Herim! Wọ kóòtù, òtútù wà níta!" Kò dúró gbọ́ èsì mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni bá mi sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, mo sì ṣì ń gbọ́ ọ.

Bá mi kí Màmá, Bàbá, àti ìyá àgbà. Má jẹ́ kí èsì pẹ́. Bí o bá sì ń kọ ọ́, fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ mi sára àpò ìwé náà, kí ẹni tó ń pín lẹ́tà lè pè é sókè.

Tìrẹ ni mí, bí ọ̀nà tilẹ̀ jìn,

Bu Herim